Òkè Òkun Wo Ni Ìyá Lalai Kú Sí?

Ìyá Lalai kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní Yigo, abúlé wa ní erékùṣù Guam tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso, nínú yàrá tí wọ́n bí i sí, lórí ibùsùn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ó dàgbà ju òun lọ. Pugua, èso tí ó máa ń jẹ bí ẹlòmíràn ṣe ń jẹ obì, ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ajá rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn. Àkùkọ aládùúgbò, èyí tí ó máa ń ṣépè fún ní gbogbo àárọ̀, ń kọ lẹ́bàá fèrèsé bí ẹni tó jàjàbọ́. Àwa tí a wà níbẹ̀ rò pé ilé ni ó kú sí. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè òkun ni.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé Yigo ti di òkè òkun. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Èmi ni mi ò rí ẹ̀rín rín mọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé.

Ìyàwó ilé wọn ni mí. Anselmo, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló gbé mi wá láti Luta, erékùṣù tó wà lódìkejì omi, òórùn àpótí kò sì tíì kúrò lára àwọn aṣọ tí mo kó wá. Ìwé tí mo kà kò lọ jìnnà. Bí èrò bá pọ̀, ahọ́n mi a lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Àmọ́ lórí ìwé, kò sẹ́ni tó ń wò mí lójú, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin ará Yigo, ilé wo nínú yín ni Ìyá Lalai kò ti wá gbàdúrà fún òkú? Láti ọmọdé ni èéyi ti fọ́ ọ lójú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú àdúrà rosari tí kò sí lórí rẹ̀. Òun ni techa wa, aṣíwájú tí í gbé àdúrà tí àwọn yòókù ń gbè é. Alẹ́ mẹ́sàn-án fún gbogbo ènìyàn, alẹ́ mẹ́sàn-án mìíràn fún ẹbí nìkan, ilé olówó, ilé tálákà. Bí òórùn ẹran yíyan bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, àdúrà rẹ̀ a máa sáré. Bí olóògbé bá sì jẹ́ ẹni tí gbogbo wa mọ ìwà rẹ̀, òun a máa fa àdúrà náà nílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóògbé kan gbìyànjú láti dìde kí àdúrà tó parí, ohun tí Ìyá Lalai sọ fún un kò tíì kúrò ní ẹnu abúlé: "Jókòó, ọmọ mi. Bàbá rẹ ṣì jìnnà sí ọ̀run."

Ta ló ń sanwó oṣù fún techa? Kò sẹ́ni. Wọ́n á fún un ní àwo ìrẹsì pupa kan, pugua nínú agbọ̀n, wọ́n á sì fi ọkọ̀ gbé e délé. Nítorí náà, lójú ìjọba, Ìyá Lalai kò ṣiṣẹ́ rí láyé rẹ̀. Obìnrin tó sin gbogbo abúlé kan, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Owó ìrànwọ́ kan wà fún irú wọn, fún arúgbó àti afọ́jú tí kò ní nǹkan kan. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san án, oṣooṣù. Wọ́n ń san án ní gbogbo ilẹ̀ ńlá Amẹ́ríkà. Wọ́n ń san án ní Luta tiwa. Wọn kì í san án ní Guam. Guam nìkan kọ́: mo gbọ́ pé Puerto Rico wà nínú ẹgbẹ́ náà, àti àwọn erékùṣù mélòó kan sí i, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ ilé bí ogun bá dé, tí wọ́n ń di àlejò bí oúnjẹ bá jinná. Ìrànwọ́ kan wà níbí, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé Ìyá Lalai ń pè é ní owó pugua.

Ọjọ́ tí Anselmo kọ́kọ́ mú mi wá kí i, mo tẹríba láti gbé ọwọ́ rẹ̀ sí imú mi, bí a ti ń kí àgbà. Kàkà kó súre fún mi kó sì fi mí sílẹ̀, ó di ọwọ́ tèmi mú, ó gbé e sí imú tirẹ̀.

"Ọmọ Luta ni èyí," ló wí.

"Ta ló sọ fún yín, Ìyá?" Anselmo bèèrè.

"Ó ń ta òórùn ọ̀dùnkún. Ó sì dákẹ́. Ká ní ọmọ Saipan ni, ì bá ti máa bi mí bí ilẹ̀ mi ṣe tóbi tó. Ṣé ó lè se ìrẹsì?"

"Ó mọ̀ ọ́n sè gan-an, Ìyá."

"Ṣé ìwọ ni mo bi? Luta, ṣé o lè se ìrẹsì?"

Mo ní, "Ó máa ń jóná díẹ̀, Ìyá."

Ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí Anselmo dúró sí. "Fẹ́ ẹ kíákíá. O ò ní rí ẹni tó máa bá ọ sọ òótọ́ nínú ilé yìí mọ́ bí mo bá kú."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pè mí ní Luta.

Níbi ìgbéyàwó wa, wọ́n gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì oúnjẹ, wọ́n sì gbé Bàbá Ilario, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, jókòó tì í. Afọ́jú ni Bàbá Ilario náà, àtọ̀gbẹ ló gba ojú rẹ̀. Bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, eyín tuntun wà lẹ́nu rẹ̀, àpòòwé tó fi ta wá lọ́rẹ sì sanra. Ìyá Lalai ti fọwọ́ kan àpòòwé náà kí wọ́n tó gbà á kọjá.

"Ilario, ta ló ń bọ́ ọ?"

"Ìjọba."

"Ìjọba wo?"

"Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fún afọ́jú lówó lọ́dọ̀ wa."

"Ìjọba tèmi náà nìyẹn! Kí ló dé tí wọn ò mọ ilé mi?"

"Bóyá ojú rẹ ò tíì fọ́ dáadáa."

"Ojú mi ti fọ́ kí wọ́n tó bí ọ, ìwọ ọmọ àná yìí."

"Wọ́n á ti rò pé ó ti mọ́ ọ lára nìyẹn." Bàbá Ilario na ọwọ́ sókè níwájú rẹ̀. "Jẹ́ kí n dán ọ wò. Ìka mélòó nìyí?"

"Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o mọ iye tí o nà?"

Tábìlì tó sún mọ́ wọn kò lè jẹun mọ́. Ẹ̀rín ń pa wọ́n, ìyá mi ń nu ojú. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ìyá mi sọ ọ́ bí eré pé, "Ìyá, ẹ kúkú wá máa bá wa gbé. Ọmọ mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, àyè rẹ̀ ṣófo." Eré ni. Ṣùgbọ́n mo rí i tí Ìyá Lalai ń fi àtàǹpàkò pa etí àwo rẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà lórí ìlẹ̀kẹ̀.

Bí èmi ṣe wọ Guam nìyẹn, tí òun wọ Luta. Àwọn ọ̀rẹ́ Anselmo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí: wọ́n ní ìdílé wọn gba ìyàwó, wọ́n sì fi ìyá àgbà san owó orí rẹ̀.

Ẹni tó bá dúró ní orí òkúta ní ìparí Yigo níhà àríwá, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, yóò rí Luta lójú omi bí ẹ̀yìn ẹja ńlá. Èdè kan náà ni, rosari kan náà, ìbátan kan náà. Kí ló wá fà á tí afọ́jú ibẹ̀ fi ń jẹun tí afọ́jú ibí ń wò? Mo bi Anselmo, ó ṣàlàyé fún mi bí ó ṣe yé e. Luta àti Saipan, erékùṣù méjì tó wà lábẹ́ ìjọba kan náà, bá Amẹ́ríkà jókòó, wọ́n dúnàá-dúrà kí wọ́n tó gbà, owó àwọn afọ́jú àti arúgbó sì wọ inú àdéhùn. Guam ńkọ́? Nígbà ogun ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ Spain, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Mo ní ó yé mi. Ìyàwó kan wà tí àwọn ẹbí rẹ̀ bá ọkọ sọ̀rọ̀ kó tó jáde nílé. Òmíràn wà tí wọ́n gbé sá lọ lójú ọ̀nà odò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáná fún ọkọ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ wo àwo tí wọ́n gbé síwájú olúkúlùkù.

Ní Luta, wọ́n yẹ ọ̀ràn Ìyá Lalai wò, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n sì gbà. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó ra oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ pé pérépéré. Ó ra bàtà. Ó ra yìnyín dídùn fún gbogbo ọmọ tó bá kọjá. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù, ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Láyé rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń bu oúnjẹ fún nílé òkú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó mú àpòòwé owó tirẹ̀ lọ sí ilé òkú nìyí. Lójú ọ̀nà, ó ń fọwọ́ kan àyà rẹ̀ ṣáá láti mọ̀ bóyá àpòòwé náà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á, ó ní, "Pe orúkọ mi sókè. Èmi ni Lalai. Mo mú nǹkan wá."

Ní Luta, a máa ń juwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá, ẹni tí a mọ̀ àti ẹni tí a kò mọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Guam, mo ń juwọ́ sí ọkọ̀ títí Anselmo fi bẹ̀ mí pé, "Sinmi, jọ̀ọ́, wọ́n á máa dúró gbé ọ." Ìyá Lalai kọ́ àṣà náà ní ọ̀dọ̀ wa láìpẹ́. Ó ń jókòó níwájú ilé ìyá mi, ó ń juwọ́ sí gbogbo ohun tó bá dún. Ó juwọ́ sí ọkọ̀ akẹ́rù, ó juwọ́ sí jẹnẹrétọ̀, ó juwọ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko fún wákàtí kan gbáko, ó sì ní ọkọ̀ yẹn mà ń rọra rìn o.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Gorio kú níbí.

Bàbá Gorio ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àpọ́n tí kò bímọ, tó ń tiro. Vietnam ló ti kó títiro náà wá. Amẹ́ríkà pè é, ó lọ, kò bi wọ́n bóyá ọmọ orílẹ̀-èdè wọn ni òun fún ọ̀rọ̀ ogun nìkan, tàbí fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ pẹ̀lú. Ìyá Lalai wọ bàálù kékeré tí wọ́n máa ń wọn èrò rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní, "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n yọ pugua lẹ́nu, ó wúwo." Ó dé Yigo ní ìrọ̀lẹ́, alẹ́ ọjọ́ náà ni ó gbé àdúrà fún àbúrò rẹ̀.

Ta ni nínú wa tó máa jẹ́ kí òkú àbúrò rẹ̀ wà nílẹ̀ kó wọ bàálù lọ? Alẹ́ mẹ́sàn-án ti gbogbo ènìyàn parí. A dúró de ẹ̀gbọ́n Anselmo tí ń bọ̀ láti San Diego ní ilẹ̀ ńlá Amẹ́ríkà. Ó dé. A dúró de àwọn sójà tó máa ká àsíá lórí pósí, nítorí wọ́n ní ìsìnkú àwọn sójà mìíràn tí wọ́n ń lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ló dá wa dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Nígbà tí wọ́n dé, tí a sin ín tán, alẹ́ mẹ́sàn-án ti ẹbí bẹ̀rẹ̀. Níhà ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ kì í ka ọjọ́. Àdúrà ló ń kà. Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú lásìkò náà tó ní, "Ìyá, ẹ ṣọ́ra o, ó ti pẹ́ tí ẹ ti kúrò ní Amẹ́ríkà," à bá fún un lómi mu kó tutù, à bá sì wá ẹni tó máa mú un lọ sílé. Àṣìṣe wa nìyẹn. A rò pé ilé ni a wà.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i bí mo ṣe rí i ní itẹ́ òkú. Sójà ọ̀dọ́mọkùnrin kan ká àsíá náà títí ó fi di onígun mẹ́ta, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta iyùn, ó gbé e lé Ìyá Lalai lórí itan, torí òun ni àgbà ẹbí. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ.

"Ta ló ní kí o gbé e fún mi, ọmọ mi?"

"Ààrẹ Amẹ́ríkà ni, Màmá, àti orílẹ̀-èdè tó ń dúpẹ́."

"Bá mi kí wọn. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

Sójà náà wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wo òkè. Ìyá Lalai ní kí n bu oúnjẹ fún gbogbo wọn, kí n sì bu apá tí kò jóná.

Oṣù tó tẹ̀lé e, owó kò wọlé. Ìyá mi pè láti Luta, ó ní owó náà dúró, wọn ò sọ ohun tó dé. Èmi àti Anselmo gbé Ìyá Lalai lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ níbí láti béèrè. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mafnas ló jókòó sí tábìlì. Nígbà tó rí i, ó dìde, ó yí tábìlì ká, ó tẹríba, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sí imú.

"Ọmọ ta nìyí?" Ìyá Lalai fọwọ́ pa á lójú. "Ọmọ Mafnas. Èmi ni mo gbàdúrà fún ìyá rẹ nígbà ìjì ńlá yẹn. Òrùlé ń lọ, àwa ń bá àdúrà lọ."

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Ẹ kò dúró."

"Ó dáa. Owó mi ńkọ́?"

Ó padà sẹ́yìn tábìlì, ó wo kọ̀ǹpútà.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ ti jáde kúrò ní Amẹ́ríkà fún ohun tó ju oṣù kan lọ."

"Èmi? Ta ló gbé mi? Ibo ni mo lọ?"

"Guam, Ìyá."

"Guam kì í ṣe Amẹ́ríkà?"

"Amẹ́ríkà ni. Àmọ́ ní ti owó yìí, kì í ṣe é."

"Kí ló ń lù pẹpẹ nínú afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yín níta?"

"Àsíá ni, Ìyá."

"Ti ta?"

"Ti Amẹ́ríkà."

"Ìwọ fúnra rẹ, ta ló ń san owó oṣù rẹ?"

"Amẹ́ríkà, Ìyá."

"Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ ní òkè òkun níbí?"

Mafnas tún kọjú sí kọ̀ǹpútà. Anselmo ti fi fìlà bo ẹnu. Ibẹ̀ ni Ìyá Lalai ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, obìnrin tó tò sẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

"Kí ẹ padà sí Luta, Ìyá. Kí ẹ gbé ibẹ̀ fún oṣù kan gbáko láìjáde. Lẹ́yìn náà ló máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé."

"Kí n lọ di ọmọ Amẹ́ríkà padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin náà."

"Mo mọ̀. Ìyá rẹ náà kì í lè wo ojú ènìyàn bí ó bá ń sọ ohun tí kò dára."

Ọmọ dáadáa ni Mafnas. Òun kọ́ ni mò ń bá wí, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tì í síwájú kí wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ó ṣe parí. Ní itẹ́ òkú, òkúta iyùn ha Ìyá Lalai lẹ́sẹ̀, egbò kékeré tí kò dun ẹnikẹ́ni. Ara ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí egbò kékeré wà ní kékeré. Ẹsẹ̀ wú. Dókítà ní kó má ṣe wọ bàálù àfi tí egbò bá jinná. Kí egbò tó lè jinná, oògùn gbọ́dọ̀ pé. Kí oògùn tó lè pé, owó gbọ́dọ̀ wà. Kí owó tó lè wà, ó gbọ́dọ̀ wọ bàálù. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé jù mí lọ, ẹ fi ẹnu ọ̀nà hàn mí nínú ilé yẹn.

A ní kí Anselmo máa ra oògùn náà. Ìyá Lalai kọ̀. Ó ní owó tí Anselmo ń kó jọ, ti ọmọ inú mi ni. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo lóyún, kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òórùn ọwọ́ mi ti yí padà. Ó ń gé oògùn rẹ̀ sí méjì níwájú gbogbo wa. Nígbà tí ìyá ọkọ mi bá a wí, ó ní, "Ìdajì ọmọ Amẹ́ríkà ni mí, ìdajì oògùn ló tọ́ sí mi." A bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mọ̀ pé a bú sẹ́rìn-ín.

Àpò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dì í sílẹ̀. Láràárọ̀ ló ń bi mí, "Luta, ọjọ́ wo ni mò ń lọ sí Amẹ́ríkà?"

"Bí ẹsẹ̀ yín bá ti jinná, Ìyá."

"Bá ọmọ inú rẹ sọ̀rọ̀ o. Bí yóò bá tòṣì, kó lọ tòṣì ní Luta. Níbí, kó yáa lówó."

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ náà, ó ń kọ́ mi ní àdúrà òkú, ẹsẹ kan lẹ́yìn òmíràn, nígbà tí mo bá ń wẹ egbò rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ojú á tì mí láti gbé e níwájú èrò." Ó ní, "Di ojú rẹ. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn." Mo rò pé ó ń fi kọ́ mi kí ọwọ́ mi má dilẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé òun ni òkú àkọ́kọ́ tí màá gbé e fún.

Mo mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ló pa á. Mi ò sọ pé òfin di ọrùn rẹ̀ mú. Ẹ̀yin aṣòfin ní Washington, mo kàn ń béèrè ni. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá wú ní Luta, ṣé ó máa gé oògùn sí méjì? Bí ó bá kọ̀ láti wá sin àbúrò rẹ̀, bí ó bá jẹ́ kí sójà yín gbé àsíá náà lé àga òfìfo, ṣé ẹ ó máa pè é ní ọmọ Amẹ́ríkà títí di òní? Ó wá ṣọ̀fọ̀ ẹni tó jà fún yín, ẹ sì ní ìyẹn ni ó fi ti orílẹ̀-èdè jáde. Irú orílẹ̀-èdè wo ni ènìyàn ń ti inú rẹ̀ jáde nípa dídúró tì pósí tí àsíá rẹ̀ wà lórí rẹ̀?

Ẹ̀yin olóṣèlú wa nílé, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín náà. Gbogbo ọdún àjọ̀dún ẹni mímọ́ ni ẹ máa ń wá sí Yigo. Ẹ ó gbé ọwọ́ Ìyá Lalai sí imú, ẹ ó dúró kí wọ́n ya fọ́tò, ẹ ó jẹ adìyẹ tí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata pò, ẹ ó ní kí ó gbàdúrà fún ìbò yín. Ó gbà á. Ó wúlò fún yín, torí ọ̀pọ̀ nínú yín wọlé. Ìgbà wo ni ẹ gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí Washington? Mo mọ ìdáhùn yín: ẹni tí a rán lọ síbẹ̀ lè sọ̀rọ̀, kò lè dìbò sí òfin. Ó dáa. Ṣé ó sọ̀rọ̀ ọ̀hún? Èmi náà kò lè dìbò síbẹ̀, mi ò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ẹ wo bí mo ṣe kọ gbogbo ìwé yìí kún.

Àwa náà ń retí o. Mi ò ní parọ́ pé mi ò retí. Ọmọ mi ń yí nínú bí mo ṣe ń kọ èyí, Guam ni màá bí i sí, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ọmọ ilé níbi tó ti jáde wá, ì báà lówó, ì báà tòṣì. Kì í ṣe ohun ńlá ni mo ń béèrè. Ohun tí afọ́jú Luta ń jẹ ni kí afọ́jú Yigo jẹ.

Alẹ́ kẹta àdúrà Ìyá Lalai ni alẹ́ òní. Èmi ni mò ń gbé e, mo di ojú mi. Ó ku alẹ́ mẹ́fà. Ẹ̀yin aṣòfin ní Washington, ẹ̀yin olóṣèlú nílé, ẹ̀yin tí ẹ kọ òfin náà àti ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ tí ẹ dákẹ́, a ti fi àga kan sílẹ̀ fún yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò Ìyá Lalai tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wá jókòó. Ẹ gbé ọwọ́ ìyá ọkọ mi sí imú. Kí ẹ wá sọ fún un, lójú gbogbo ará Yigo, orílẹ̀-èdè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí.

Bí ẹ bá ní Amẹ́ríkà ni, ẹ lọ tún òfin náà ṣe, kí ẹ fún àwọn afọ́jú àti arúgbó tó kù níbí ní ohun tó tọ́ sí wọn kí àwọn náà tó kú. Bí ẹ bá sì ní òkè òkun ni, kò burú, ẹ má bá wa jà. Àsíá Bàbá Gorio wà lórí ibùsùn Ìyá Lalai, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni a ti rí i. Ẹ mú un dání bí ẹ bá ń lọ, ó ti pẹ́ tó ti kúrò nílé.

Oúnjẹ á wà. N ó gbìyànjú kí ìrẹsì má jóná.